Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Roger Casement, Kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì Tí Wọ́n Fi Jẹ Oyè, Tí Wọ́n Sì Yẹgi Fún

Nínú ẹ̀dà tó kọjá, a dáhùn ìbéèrè kan nípa Kápítéènì Bower, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn ní 1893, tí wọ́n sì kọ́ ilé ìṣọ́ Layípo sí Òkè Àrẹ ní 1936 láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Nínú ìdáhùn náà, a fi gbólóhùn kan péré dárúkọ ọkùnrin mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba kan náà ní Kàlàbá ní àsìkò kan náà, ìyẹn Roger Casement. Gbólóhùn kan yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín dì mú. Lẹ́tà tó wọlé lórí rẹ̀ ju èyí tó wọlé lórí Bower fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà a yọ̀ǹda gbogbo ojú ewé yìí fún un lóṣù yìí.

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n fi Casement jẹ oyè Sà ní 1911, wọ́n sì yẹgi fún un ní 1916. Nígbà tí mo kà á sí ọmọ-ọmọ mi létí, ó ní mo ṣì í kà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọkùnrin yìí? Irú iṣẹ́ wo sì ni iṣẹ́ kọ́ńsúlù tó ṣe? Ṣé bí ajẹ́lẹ̀ ayé ijọ́un ni?

Bàbá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sì bá wa kí ọmọ-ọmọ yín. Ẹ kò ṣì í kà. Ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n fún un ní oyè náà àti ọjọ́ tí wọ́n pa á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ rẹ̀. Kọ́ńsúlù kì í ṣe ajẹ́lẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn ń fi sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àṣẹ ẹni tó ṣẹ́gun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ ọba ìlú. Kọ́ńsúlù, ní tirẹ̀, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń gbé, ìyọ̀ǹda onílẹ̀ ló sì fi ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa mójú tó àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ oníṣòwò, atukọ̀ tàbí òṣìṣẹ́, kí ó bá wọn dá sí ọ̀ràn tó bá dé bá wọn, kí ó tọ́jú ẹrù ẹni tó bá kú láìní ẹbí nítòsí, kí ó sì máa kọ̀wé ránṣẹ́ sílé nípa ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ìwé kíkọ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, Bàbá, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ Casement rọ̀ mọ́.

Àwọn baba wa ní Èkó ti rí irú kọ́ńsúlù mìíràn. John Beecroft, tí wọ́n fi ṣe kọ́ńsúlù ní 1849, wà lára àwọn tó kó ọkọ̀ ogun wọ Èkó ní 1851, tí wọ́n yìnbọn lu ìlú títí Kòsọ́kọ́ fi sá, tí Akíntóyè sì padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Èkó ti di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn kò ní jiyàn pé iwájú ìbọn ni kọ́ńsúlù ń rìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn kan náà ni Casement. Òǹkàwé kan láti Mólété kò sì jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀, ẹ ó ka ìbéèrè tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Sandycove, lẹ́bàá Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Sójà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sì ni. Ìyá rẹ̀ mú un lọ ṣe ìrìbọmi ní ìjọ Kátólíìkì ní ìkọ̀kọ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá kú ní 1873, bàbá kú ní 1877, ọmọ náà sì di ẹni tí àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ ń tọ́ ní agbègbè Antrim. Kò dé ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan. Kò tíì pé ogún ọdún tó fi di akọ̀wé ní Liverpool, ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster. Àwọn àgbà tó wọ ọkọ̀ Aureol láti Èkó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó ṣì mọ orúkọ iléeṣẹ́ náà dáadáa. Ọkọ̀ wọn ló gbé e dé Kóńgò ní 1883, ó sì padà síbẹ̀ ní ọdún kejì láti ṣiṣẹ́. Ní 1892 ló dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á sí iṣẹ́ ní Kàlàbá. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti iṣẹ́ wíwọn ọ̀nà inú igbó ló ṣe níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àsìkò náà tó fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Lópin ọdún 1893, àwọn sójà ọmọ Dahomey tí ìjọba Jámánì ń lò ní Kamẹrúùnù dìtẹ̀, nítorí pé wọ́n tú àwọn ìyàwó wọn sí ìhòòhò, wọ́n sì nà wọ́n lójú ọkọ wọn. Wọ́n tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, wọ́n sì yẹgi fún àwọn tí ọwọ́ bá. Ọ̀rọ̀ náà kò kan Casement rárá. Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n nà. Síbẹ̀, láti Kàlàbá, ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ kan ní London tó ń gbèjà àwọn ọmọ onílẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sílẹ̀.

Láti Kàlàbá, wọ́n fi í ṣe kọ́ńsúlù ní Lourenço Marques tí a ń pè ní Maputo lónìí, lẹ́yìn náà ní Luanda, lẹ́yìn náà ní Kóńgò.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò kan, ọjà Gbági Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń gbọ́ pé wọ́n ń gé ọwọ́ ènìyàn ní Kóńgò nítorí rọ́bà. Ó ṣòro fún mi láti gbà gbọ́, nítorí ẹni tí a gé lọ́wọ́ kò ní lè ṣiṣẹ́ rọ́bà mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Báwo sì ni kọ́ńsúlù yìí ṣe mọ̀?

Òótọ́ ni, Ìyá wa. Ìbéèrè tí ẹ fi òye oníṣòwò bi yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bi nígbà náà, tí wọ́n fi sọ pé irọ́ ni.

Lẹ́yìn ìpàdé ńlá tí àwọn òyìnbó ṣe ní Berlin, Kóńgò di ohun ìní Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀m ní 1885. Kì í ṣe ti ìlú Bẹ́ljíọ̀m o, ti ọba fúnra rẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú, òun sì fẹ́ ṣí ọ̀nà ọjà fún gbogbo ayé. Nígbà tó yá, ó kéde pé ilẹ̀ tí kò bá ti sí ilé tàbí oko lórí rẹ̀, ti ìjọba ni, àti rọ́bà àti eyín erin inú rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó ń wá rọ́bà lójú méjèèjì fún táyà kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà fún táyà ọkọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá níbí náà, ní ìdajì kejì ọdún 1890 sí 1899, àwọn ènìyàn ya wọ igbó lọ kọ rọ́bà, wọ́n sì ń kọ ọ́ títí igi fi ń kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ rọ́bà níhìn-ín, ọjà ló ń gbé e lọ, ó ń ná an, ó ń gbowó. Ní Kóńgò, owó orí ni wọ́n pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ lè mọ bí ìyà náà ṣe tó. Ara okùn igbó tó gun igi ńlá ni rọ́bà wọn ti ń jáde. Ọkùnrin yóò wọ inú igbó lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, yóò gun igi, yóò fi ọ̀bẹ sá okùn náà, yóò sì gba oje rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn a máa fi oje náà pa ara, apá àti àyà, kí ó lè gbẹ. Bó bá gbẹ tán, wọn a ya á kúrò tòun ti irun ara. Agbọ̀n náà gbọ́dọ̀ kún ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n ti fi àwọn ìyàwó sí àhámọ́ títí ọkọ wọn yóò fi dé, pàṣán awọ erinmi sì wà nílẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni èmi tí mò ń dá yín lóhùn. Mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń dúró ti òṣùwọ̀n ẹni tó ń ra kòkó, tí kì í sọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà, nítorí ó mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ yẹn bá tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kan ti lọ nìyẹn. Èyí tó ń bà á lẹ́rù kò ju owó lọ. Nígbàkigbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ Kóńgò, ojú òṣùwọ̀n yẹn ni mo máa ń padà sí, tí mo sì máa ń bi ara mi léèrè bí ojú ọkùnrin yóò ṣe rí nígbà tó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ gígé ni ó kù. Àwọn sójà ọba ni wọ́n ń rán lọ sí ìlú tó bá kọ̀ láti mú rọ́bà wá. Àwọn ọ̀gá wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ọta ìbọn ṣòfò nídìí ọdẹ, wọ́n ní kí wọ́n jíhìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí ọta tí wọ́n lò ni ọwọ́ ọ̀tún ẹni tí wọ́n fi pa. Sójà tó bá fi ọta pa ẹran jẹ, tàbí tó yìn ín tí kò bá ènìyàn, yóò wá ọwọ́ tí yóò fi dí i, ìbáà jẹ́ ti alààyè. Ìdí nìyí, Ìyá wa, tí ìṣirò tí ẹ ṣe kò fi bá tiwọn mu. Ọta ni wọ́n ń ṣírò. Wọn kò ka òṣìṣẹ́ sí.

Báwo ni Casement ṣe mọ̀? Ní oṣù karùn-ún ọdún 1903, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò pé kí ìjọba bá àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé Berlin sọ̀rọ̀ lórí Kóńgò. Casement ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńsúlù, ó ti ń kọ̀wé nípa ìyà tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Sàró, Gold Coast àti Èkó, ìyẹn àwọn tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, ó kúrò ní Matadi, ó dorí kọ òkè odò. Ọkọ̀ ìjọba wà tí ì bá wọ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó háyà ọkọ̀ kékeré kan lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, kí ó má baà jẹ́ pé ibi tí ìjọba Leopold bá fẹ́ ni yóò dé, ẹni tí wọ́n bá sì fẹ́ ni yóò rí. Ohun tó ṣe yìí, lójú tiwa, tóbi ju oyè tí wọ́n fún un lọ.

Ohun kejì ni pé ó mọ ibẹ̀ rí. Ìlú Lukolela tó dé ní 1887, ènìyàn bí 5,000 ló wà níbẹ̀. Nígbà tó padà dé ibẹ̀ ní 1903, wọn kò pé 600. Àìsàn oorun wà lára ohun tó pa wọ́n, ó sì kọ ìyẹn sílẹ̀, kò fi pamọ́. Ó jókòó ti àwọn ènìyàn, ó fi ògbufọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ tó kọ ló dúró. Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Epondo, tí ọwọ́ rẹ̀ ti gé; òun àti àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ fún Casement pé ẹ̀ṣọ́ iléeṣẹ́ rọ́bà ló gé e. Nígbà tí Casement lọ tán, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Leopold bi ọmọ náà, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló bu òun jẹ. Wọ́n gbé èyí káàkiri Yúróòpù pé irọ́ ni gbogbo ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí Casement kò dá lórí ọmọ kan. Nígbà tí Leopold fúnra rẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1904, tí ìgbìmọ̀ náà sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún kejì, ohun tí wọ́n rí bá ti Casement mu nínú ohun tó pọ̀ jù.

Ó parí ìwé rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1903, ìjọba sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kejì 1904. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ orúkọ àwọn ènìyàn àti ti ìlú kúrò, wọ́n fi lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì rọ́pò wọn. Inú bí Casement gidigidi, ó sì ní ìdí. Ẹ wo ó ná: ìyá kan sọ bí wọ́n ṣe pa ọmọ rẹ̀, ó dárúkọ ọmọ, ó dárúkọ ìlú, ó dárúkọ ẹni tó pa á, ìwé jáde, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di A, B àti C.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ E. D. Morel, akọ̀wé ní Elder Dempster kan náà, tó kíyè sí i nínú ìwé ẹrù iléeṣẹ́ náà pé rọ́bà àti eyín erin ló ń kún inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kóńgò, ìbọn àti ọta sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń padà lọ. Òun àti Casement pàdé. Láti inú ìpàdé yẹn ni ẹgbẹ́ tó jà fún àtúnṣe Kóńgò ti jáde ní 1904. Ní 1908, wọ́n gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ Leopold, ó di ti ìjọba Bẹ́ljíọ̀m.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi Casement ṣe kọ́ńsúlù ní Bràsíl, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rán an ní 1910 lọ sí odò Putumayo, ní igbó Pèérù. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ fi kan ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé London ni wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ rọ́bà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, ọmọ Barbados tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi pàṣán ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọgbọ̀n nínú wọn ló bi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ó rí àbà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, ó sì rí àpá pàṣán lára tàgbà tèwe. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe àpá náà ní àmì Arana, orúkọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà. Orí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti fi jẹ Sà. Arana ní tirẹ̀ kò jìyà kankan. Ó di sẹ́nétọ̀ ní ìlú rẹ̀ nígbà tó yá.

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mólété: Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ẹni tó ń wọn ọ̀nà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kàlàbá, ṣé kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tó wá gba ilẹ̀ wa ni? Kí ló dé tí ẹ fi ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni rere?

Kò sí ìbínú níbẹ̀, ọmọ wa. Ó yẹ kí ẹnì kan bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan nínú wọn ni. Ọdún 1892 tó dé Kàlàbá ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim pa àwọn Ìjẹ̀bú nípakúpa ní Ìmàgbọn. Ọdún 1894 tó ṣì wà níbẹ̀ ni ìjọba tó ń sìn gan-an fọ́ Ebrohimi, ìlú Nana olóyè Ìtsẹ̀kírì. Ọ̀nà tó bá wọ̀n sínú máàpù, ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ìjọba àti sójà yóò gbà ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó gbà gbọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dára ju ti Leopold àti ti Jámánì lọ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí o rò ni ohun tí Kóńgò sọ ọ́ dà. Ní 1907, ó kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Alice Stopford Green, pé nínú igbó Kóńgò tí òun ti rí Leopold ni òun ti rí ara òun náà, ọmọ Ireland. Ohun tó rí ní etí odò, bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀daràn lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ló mú un wo ìtàn ìlú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ òyìnbó rí Kóńgò tí wọ́n káàánú, tí wọ́n sì padà sílé lọ sùn. Èyí kò lè sùn mọ́. N kò sọ pé kí o gbàgbé Ìmàgbọn nítorí rẹ̀. Èmi náà kò gbàgbé.

Láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan, Yunifásítì Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ wa kan sọ pé kọ́mà kan ló pa Casement. Báwo ni kọ́mà ṣe ń pa ènìyàn?

Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1913, ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jà kí Ireland gba ara rẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó wà ní Amẹ́ríkà. Ó gba Norway kọjá lọ sí Jámánì, ó ní kí Jámánì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó lọ sí àgọ́ tí wọ́n kó àwọn sójà Ireland tí ọwọ́ ogun bà sí ní Limburg, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá di ọmọ ogun Ireland. Àwọn tó gbà kò ju nǹkan bí àádọ́ta lọ; àwọn tó kù lé e.

Ní oṣù kẹrin 1916, Jámánì fi ọkọ̀ kan kó 20,000 ìbọn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú un, ọ̀gá ọkọ̀ náà sì rì í. Casement fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ abẹ́ omi wá, ó sọ̀ sí etíkun Banna ní Kerry ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin. Ó fẹ́ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n dáwọ́ ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń gbèrò dúró, nítorí ìrànlọ́wọ́ Jámánì kò tó nǹkan. Wọ́n mú un lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Dublin láìsí i níbẹ̀.

Ẹjọ́ rẹ̀ wáyé ní London ní ìparí oṣù kẹfà. Òfin tí wọ́n fi mú un, ọdún 1351 ni wọ́n ti ṣe é, èdè Faransé àtijọ́ ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá fara mọ́ àwọn ọ̀tá ọba nínú ilẹ̀ ọba, tó ń fún wọn ní ìrànwọ́ nínú ilẹ̀ náà tàbí níbòmíràn. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Sullivan, ní ọ̀rọ̀ “níbòmíràn” kò kan ju ibi tí ìrànwọ́ dé lọ. Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀ ọba, Jámánì sì ni Casement wà. Agbẹjọ́rò ìjọba ní “níbòmíràn” kan gbogbo rẹ̀ pátá. Bí o bá fi kọ́mà síwájú ọ̀rọ̀ náà, ti ìjọba ló bọ́ sí. Bí o bá yọ ọ́, ti Casement ló gbè. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo lè sọ ogún bàbá di ogun. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, méjì nínú àwọn adájọ́ lọ wo awọ tí wọ́n kọ òfin náà sí láti ayé ijọ́un, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà ti ìjọba.

Nígbà tí wọ́n ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi ikú, Casement kò tilẹ̀ bá wọn jà lórí kọ́mà. Ó ní ọmọ Ireland ni òun, àwọn ọmọ Ireland ló yẹ kó dá òun lẹ́jọ́, ní ilẹ̀ Ireland. Lójú tèmi, ìyẹn lágbára ju gbogbo àlàyé agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kóòtù London tó lè gbà á fún un. Wọ́n yẹgi fún un ní ẹ̀wọ̀n Pentonville ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ 1916.

Láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan, Òkè-Àdó: Mo gbọ́ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé kan bà á lórúkọ jẹ́. Ìwé wo ni? Níbo sì ni wọ́n sin ín sí?

Ìwé tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ni. Wọ́n rí i lára ẹrù rẹ̀ ní London, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ni bí òun àti àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe ń bára wọn lò, ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì kà sí ọ̀ràn nígbà náà. Àwọn ènìyàn ńlá, tí Arthur Conan Doyle ṣáájú wọn, ń kó orúkọ jọ láti bẹ ìjọba kí wọ́n má pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya àwòrán ojú ewé ìwé náà, wọ́n ń fi í han àwọn oníròyìn, àwọn àlùfáà àti aṣojú Amẹ́ríkà ní London. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ gbẹ́nu dákẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé ayédèrú ni. Ní 2002, àwọn tó mọ̀ nípa ìwé kíkọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọwọ́ Casement ló kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kò tíì gbà. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹjọ́ ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n pè é. Ohun tí wọn kò gbé síwájú adájọ́ kankan ni wọ́n fi pa ẹnu àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀ mọ́.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ni wọ́n sin ín sí. Kí ó tó kú, ó sọ fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pé Murlough Bay, ní etíkun Antrim níbi tó ti dàgbà, ni kí wọ́n sin òun sí. Léraléra ni ìjọba Ireland béèrè egungun rẹ̀. 1965 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ wọ Àríwá Ireland, níbi tí Antrim wà. Dublin ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì sin ín sí ibojì Glasnevin ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ààrẹ Éamon de Valera ti pé ọdún 82, ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un kí ó má jáde sínú òtútù. Ó jáde, ó sì dúró lórí ibojì náà, ó sọ̀rọ̀.